Ẹni tí A Torí Rẹ̀ Gba Owó: Ọ̀rọ̀ Lórí Àyẹ̀wò Owó Ìrànwọ́ fún Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Sahel

Àwọn baba wa a máa wí pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Kì í ṣe pé baba kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọmọ fẹ́ jí iṣu baba rẹ̀ wà. Ààlà ni kì í jẹ́ kí ìjà wọ àárín wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí láàárín baba àti ọmọ, kí ni kí á wá sọ nípa orílẹ̀-èdè méjì tí òkun ńlá wà láàárín wọn, tí ọ̀kan ń fi owó ran èkejì lọ́wọ́, tí èdè wọn kò dọ́gba, tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ìwé owó kò sì jọra? Ìwé ìṣirò owó ni ààlà tiwọn. Ẹni tí ó sì ń rìn yí ààlà náà ká láti wò ó bóyá ẹnìkan ti yẹ̀ ẹ́ ni olùyẹ̀wò owó, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ọ́dítọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí ni ti owó ìrànwọ́ tí àwọn ilẹ̀ òkèèrè ti ń fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùkọ́ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá jù lọ ní àwọn ilẹ̀ etí aṣálẹ̀ tí à ń pè ní Sahel, àti ti àwọn tí a rán wá láti yẹ ìwé owó náà wò. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan ni èyí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí owó tí a fi orúkọ àgbẹ̀ gbà bá sọnù sójú ọ̀nà, àgbẹ̀ ni yóò sùn láìjẹun, kì í ṣe akọ̀wé. Nítorí náà ó yẹ kí àgbẹ̀, àti gbogbo àwa tí à ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mọ bí àyẹ̀wò náà ti ń lọ, ibi tí agbára rẹ̀ dé, àti ibi tí ojú rẹ̀ kò tó.

BÍ OWÓ NÁÀ ṢE DÉ

Láti ọdún 1968 títí di ọdún 1973 ni ọ̀dá ńlá kan jà ní ilẹ̀ Sahel, láti Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà ní etí òkun títí lọ dé Ṣáàdì. Òjò kọ̀, koríko gbẹ, màlúù kú lọ bẹẹrẹ, àwọn darandaran tí wọ́n ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ sì di ẹni tí ń tọrọ oúnjẹ ní ẹ̀yìn ìlú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀ràn náà kàn péjọ sí Ouagadougou, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti gbógun ti ọ̀dá. Àjọ náà ni a mọ̀ sí CILSS. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ibùdó AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ní ìmọ̀ òjò, omi odò àti ohun ọ̀gbìn. Ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ní ni: ọmọ Málì, ọmọ Nìjẹ̀r àti ọmọ Ṣáàdì jọ ń jókòó nínú yàrá kan, nítorí pé òjò tí ó kọ̀ ní ilẹ̀ ẹnìkan kò ní ṣàì kọ̀ ní ilẹ̀ ẹnìkejì.

Owó tí irú iṣẹ́ báyìí ń fẹ́ kọjá agbára àwọn ìjọba tí ọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn ilẹ̀ òkèèrè sì dìde sí i. Ní ọdún 1976 ni àwọn olùrànlọ́wọ́ àti àwọn ìjọba Sahel dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Dakar tí wọn yóò ti máa fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Ní ọdún 1977, Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ya ẹsẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú òfin ìrànwọ́ wọn fún ilẹ̀ Sahel nìkan, USAID sì ni àjọ tí a fi owó náà sí ní ìkáwọ́. Lára ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń rà ni ọkọ̀ àti alùpùpù fún àwọn olùkọ́ àgbẹ̀, irúgbìn àti ajílẹ̀ fún oko àfihàn, owó oúnjẹ àti ibùsùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, epo ọkọ̀, àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni a lè jẹ, tàbí kí a gùn, tàbí kí a tà. Ohun tí ó rí bẹ́ẹ̀ nira láti ṣọ́ ju afárá tàbí ilé ìwòsàn lọ, nítorí pé afárá kò ṣe é fi sí àpò.

ÀWỌN OLÙYẸ̀WÒ DÉ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981, ọ́fíìsì olùyẹ̀wò àgbà fún USAID gbé ìwé kan jáde lórí bí àwọn ìjọba Sahel ti ń ṣe ìṣirò owó Amẹ́ríkà tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé náà kò dùn ún kà. Ohun tí ó sọ ni pé nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a yẹ̀ wò, ìwé owó kò pé, ìṣàkóso owó kò lágbára, a kò sì lè mọ̀ dájú pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ gba owó ni a ná an sí. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí àwọn aṣòfin. Ní ọdún 1981 yẹn náà ni wọ́n fi gbólóhùn kan kún òfin ìrànwọ́ Sahel, pé a kò gbọdọ̀ fi owó náà lé ìjọba kankan lọ́wọ́ àfi bí olórí USAID bá ti rí i dájú pé ìjọba náà yóò máa tọ́jú ìwé ìṣirò tí yóò fi iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde hàn kedere, tí yóò sì kó wọn ní ìjánu.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé díẹ̀ nípa bí olùyẹ̀wò ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dé, ìwé àdéhùn ni yóò kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé àdéhùn ni ó sọ ohun tí a lè fi owó náà ṣe. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba ìwé owó wíwọlé àti jíjáde, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́, yóò sì wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Yóò ka ọkọ̀ ní ọgbà. Yóò mú orúkọ díẹ̀ nínú ìwé àwọn tí wọ́n wá sí ẹ̀kọ́, yóò sì béèrè wọn ní ilé wọn. Bí ó bá parí, yóò kọ ohun tí ó rí, yóò fi han olórí iṣẹ́ náà kí òun náà lè sọ tẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìwé ìkẹyìn yóò jáde.

Nínú àṣà àwọn olùyẹ̀wò Amẹ́ríkà, owó tí a ní ìbéèrè lé lórí pín sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni owó tí a ná sí ohun tí àdéhùn kò gbà láyè, bí ẹni pé a fi owó irúgbìn ra àga ìjókòó fún ọ̀gá. Èkejì ni owó tí kò ní ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó tọ́ gan-an ni a ná an sí, ṣùgbọ́n kò sí rìsíìtì, kò sí ọwọ́ ẹni tí ó gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọ́dítọ̀ bi ènìyàn ní ìbéèrè, wọn a ní olè ni. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Akápò tí ó jí owó àti akápò tí kò mọ ìwé owó í kọ jọ ń dúró níwájú olùyẹ̀wò pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Iṣẹ́ ńlá tí ó wà níbẹ̀ ni láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

OHUN TÍ Ó DA ÌWÉ OWÓ RÚ

A kò ní ṣègbè fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí owó bá wà, àwọn tí ọwọ́ wọn gùn kò ní ṣàì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀ràn Sahel dáadáa, a óò rí i pé olè nìkan kọ́ ni ó da ìwé owó rú.

Èkínní ni ti àṣà ìṣirò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ni Faransé ti ṣe ìjọba lé lórí, ìlànà Faransé ni wọ́n sì jogún. Nínú ìlànà náà, ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a ná owó kì í ṣe ẹni tí yóò san án. Ọ̀tọ̀ ni ìwé ti ìkínní, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì, kí ọ̀kan lè máa ṣọ́ èkejì. Ìlànà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò Amẹ́ríkà ń fẹ́ rí dọ́là kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí ó ti kúrò ní Washington títí di ọjọ́ tí ó di àpò ajílẹ̀ ní abúlé, nínú ìwé kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀kan ń pè ní ètò, èkejì ń pè é ní rúdurùdu.

Èkejì ni ti ọjà. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ tí a rán lọ ra jéró fún oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjà abúlé. Obìnrin tí ó ń ta jéró náà kò mọ̀wé, kò ní rìsíìtì, kò tilẹ̀ rí ìdí tí ènìyàn yóò fi ra ọkà tán tí yóò tún máa béèrè ìwé. Òṣìṣẹ́ náà pọn dandan láti ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí ó padà láìra ọkà, kí ó rà á láìní ìwé, tàbí kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé èké. Ẹni tí ó bá ṣe òótọ́ nínú wọn ni olùyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ mú. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: ìwé pélébé kan tí a ti tẹ̀ sílẹ̀, tí òǹtajà yóò tẹ àtẹ̀ka sí, tí ẹlẹ́rìí méjì yóò sì fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti rò ó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀kẹta ni ti ènìyàn. Nígbà tí a bá ń ṣètò ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, gbogbo ọkàn wa a máa wà lára àgbẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀. Ta ni ó ń rántí akọ̀wé owó? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ àrùn ẹ̀pà àti àrùn òwú ni a sábà máa ń fi ìwé owó lé lọ́wọ́, ẹni tí kò kọ́ ìṣirò owó rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti pàṣípààrọ̀ owó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ka èyí sí. Dọ́là ni Amẹ́ríkà fi ń ṣèlérí, fáráǹkì CFA ni a ń ná ní ọjà. Ní ọdún 1980, bí a bá pín in dọ́gba, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 211 fáráǹkì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1985, ó ti di nǹkan bí 449. Ní ọdún 1990, ó tún ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 272. Nítorí náà, 100,000 dọ́là tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 21 fáráǹkì ní ọdún 1980 di nǹkan bí mílíọ̀nù 45 ní ọdún márùn-ún péré, ó sì tún padà di nǹkan bí mílíọ̀nù 27 lẹ́yìn ọdún márùn-ún mìíràn. Bí fáráǹkì bá pọ̀ sí i láìjẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ sí i, níbo ni àlékún náà lọ? Bí ó bá sì dín kù, iṣẹ́ wo ni a fi sílẹ̀? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ẹni tí kò bá sì kọ iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kò ní rí èsì fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ bí ojúmọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà rí i pé ìbáwí nìkan kò tó. Ní ọdún 1982, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Sahel láti kọ́ àwọn akọ̀wé owó àti akápò àwọn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ní ìṣirò owó. Bí àyẹ̀wò owó ẹ̀kọ́ ṣe tún bí ẹ̀kọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni ó kẹ́yìn dé.

ÌWÉ TÍ Ó PÉ, OKO TÍ KÒ YÍPADÀ

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé gbogbo ìwé owó ti wá tọ́, tí rìsíìtì pé, tí ọkọ̀ sì wà ní ọgbà. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ti tán? Rárá o. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Rìsíìtì lè jẹ́rìí pé ọgbọ̀n ènìyàn jẹun, wọ́n sì sùn ní Niamey fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò lè jẹ́rìí pé ohun tí wọ́n kọ́ dé oko ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò kejì wà tí ó yẹ kí á máa ṣe, èyí tí ó ń béèrè èso dípò owó. Kí àpẹẹrẹ rẹ̀ lè yé wa, a ní láti kúrò ní Sahel fún ìgbà díẹ̀ kí á lọ sí Kẹ́ńyà ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni irú àyẹ̀wò náà ti hàn gbangba jù lọ.

Láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1990, Báńkì Àgbáyé polongo ìlànà kan fún ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Daniel Benor, ará Ísírẹ́lì, ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìlànà náà. Olùkọ́ àgbẹ̀ yóò gba ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, yóò sì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan tí a ti yàn ní ọjọ́ tí a ti dá, kí àwọn wọ̀nyí lè máa kọ́ àwọn aládùúgbò wọn. Nàìjíríà náà lò ó nínú àwọn iṣẹ́ ìdàgbàsókè àgbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975 ní Funtua, Gusau àti Gombe, tí owó yíyá láti Báńkì Àgbáyé wà nínú rẹ̀, tí ó sì tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé ní ọdún 1993 pé èrè tí ètò náà mú wá pọ̀ jọjọ. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1999, àwọn òṣìṣẹ́ Báńkì Àgbáyé mìíràn tún gbé àkọsílẹ̀ kan náà yẹ̀ wò fínnífínní. Wọ́n rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ohun tí a pè ní èso ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ìyàtọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ láàárín agbègbè kan àti òmíràn: ibi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá tí òjò sì ti tó, ìkórè yóò dára, olùkọ́ ìbáà wá, ìbáà má wá. Nígbà tí wọ́n yọ ìyàtọ̀ náà kúrò, èrè ńlá yẹn kò ṣe é fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ìgbéléwọ̀n tí Báńkì náà tún ṣe fi hàn pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í rí olùkọ́ lóòrèkóòrè, àti pé àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti rí já jẹ tẹ́lẹ̀ ni àbẹ̀wò sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ronú lórí èyí. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè ní Kẹ́ńyà, a kò sì sọ pé rìsíìtì sọnù. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ kò lè hàn nínú ìwé owó kankan. Àwọn tí wọ́n tún àkọsílẹ̀ wò àti àwọn tí wọ́n bi àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè ni wọ́n rí i.

ÀWỌN TÍ WỌ́N GBA ÒṢÙWỌ̀N

Ní Málì, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí ó fi hàn pé ọ̀nà kẹta wà, èyí tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ fi di olùyẹ̀wò. Ní gúúsù ilẹ̀ náà, ní agbègbè Koutiala àti Sikasso, òwú ni olórí ohun ọ̀gbìn tí a ń tà. Láti ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ CMDT, tí ìjọba Málì àti ilé-iṣẹ́ òwú Faransé jọ ní, ti ń ra òwú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn tí ilé-iṣẹ́ rán wá ni wọ́n ń wọn òwú. Àwọn àgbẹ̀ ń kùn pé òṣùwọ̀n náà kò tọ́, pé ẹrù tí ó wúwo lórí ènìyàn a máa fúyẹ́ bí ó bá ti dé orí òṣùwọ̀n. Ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Wọn kò lè ka nọ́ńbà tí ó wà lójú òṣùwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan ti wà nílẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960, UNESCO ti ń ran Málì lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní èdè Bámbárà. Málì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè 11 tí wọ́n ti dán ètò náà wò. Ìwé ìgbéléwọ̀n tí ó jáde ní ọdún 1976 kò fi bẹ́ẹ̀ yin ètò náà. Ó ní kò mú gbogbo ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ òwú rí ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ gbé òṣùwọ̀n fún àwọn, kí àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n ti mọ̀wé máa wọn òwú, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gbà, nítorí pé ó rọrùn fún òun náà. Ẹgbẹ́ abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó iṣẹ́ lórí òwú tí wọ́n bá wọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi owó náà gbẹ́ kànga, wọ́n fi kọ́ ilé ìkẹ́rù àti ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Àgbẹ̀ tí a ti ń rẹ́ jẹ lójú òṣùwọ̀n ti wá di ẹni tí ń ka òṣùwọ̀n.

A kò ní sọ ìtàn náà dé ìdajì kí á fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, wàhálà wọ inú àwọn ẹgbẹ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn tí wọ́n mọ̀wé kò ju bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Gbèsè ajílẹ̀ tí gbogbo abúlé jọ dúró fún wá ń pọ̀, àwọn tí kò jẹ gbèsè ń san ti àwọn tí ó jẹ ẹ́, àwọn díẹ̀ tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn sì di ẹni tí a ń fura sí. Ní ọdún 2000, nígbà tí owó òwú tún wálẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà sì ní ìṣòro tirẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọ̀, wọn kò gbin òwú rárá, ìkórè ọdún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò ṣòro í rí. Ìwé tí ènìyàn mẹ́ta péré lè kà nínú abúlé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìwé tí ó wà ní Washington. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè kà.

BÍ OLÓWÓ BÁ LỌ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, USAID dẹ́kun iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjọ, ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójútó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan bínú, àwọn kan yọ̀. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ tiwa ni ìbéèrè yìí: ta ni yóò máa béèrè ìwé owó nísinsìnyí? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ojú òyìnbó nìkan ni a ṣe ń kọ ìwé tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ tí òyìnbó lọ ni ìwé parí. Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ pé ọ̀nà méjì ni ìṣirò owó ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀nà kan ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó fúnni ní owó. Ìyẹn kò burú, nítorí pé owó orí àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Ọ̀nà kejì ń lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí a torí rẹ̀ gba owó, ọ̀nà yìí ni a sì ti jẹ́ kí igbó bò. Bí ó bá sì jẹ́ owó yíyá ni, gẹ́gẹ́ bí ti Funtua, Gusau àti Gombe, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí pé gbogbo ọmọ ilẹ̀ ni yóò san án padà, títí kan ẹni tí kò rí olùkọ́ àgbẹ̀ rí.

Ní Nàìjíríà, òfin kò ṣàì pèsè fún èyí. Abala 85 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún Olùyẹ̀wò Owó Àgbà ní agbára láti yẹ ìṣirò owó ìjọba àpapọ̀ wò, kí ó sì fi ìjábọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé ìṣirò bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí ó kù ni kí ìjábọ̀ náà má dúró ní Àbújá.

Ìmọ̀ràn mẹ́rin ni a ní fún gbogbo àwọn tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìbáà jẹ́ owó òkèèrè, ìbáà jẹ́ owó abẹ́lé ni wọn yóò ná. Èkínní, kí a kọ́ akọ̀wé owó ní ọjọ́ kan náà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ olùkọ́ àgbẹ̀, kí a má dúró dìgbà tí ọ́dítọ̀ yóò wá bínú. Èkejì, kí a ṣe ìwé ẹ̀rí tí ó bá ọjà abúlé mu, kí olóòótọ́ má bàa di òpùrọ́ nítorí ìwé. Ẹ̀kẹta, kí a máa lẹ iye owó tí ó wọlé àti ohun tí a fi ṣe mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn abúlé, ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Bí a bá kọ ọ́ pé àpò ajílẹ̀ ogójì ni ó dé sí abúlé kan, tí àwọn ará ibẹ̀ sì rí ogún péré, kò sí ọ́dítọ̀ tí yóò tètè mọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹ̀kẹrin, kí olùyẹ̀wò máa dé oko. Lẹ́yìn ọdún kan tí ẹ̀kọ́ bá ti parí, kí ó bi àgbẹ̀ mẹ́wàá léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀, kí ó sì tún bi mẹ́wàá mìíràn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà léèrè ohun kan náà, kí ó má bàa fi iṣẹ́ òjò fún olùkọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbẹ̀ kò mọ ìṣirò. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò bá àgbẹ̀ dúnàádúrà rí. Àgbẹ̀ mọ iye ebè tí ó kọ, ó mọ iye àpò tí ó kó sínú àká, ó sì mọ iye tí ó jẹ alágbàṣe rẹ̀. Ohun tí a kò tíì fi hàn án ni ìwé owó tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí lórí. Ó tó àkókò kí a gbé e fún un.